Ọwọ́ Oníṣẹ́ Ló Gbé Róòsì Dúró, Kì í Ṣe Ìfẹ́

Ẹ wo ara ife tíì, ẹ wo kọ́tìnì pálọ̀, ẹ wo káàdì ọjọ́ ìbí, ẹ wo kéèkì ìgbéyàwó: róòsì ló kún ibẹ̀. Bí ẹ bá sì bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tí òdòdó kan ṣoṣo fi gba gbogbo ilé báyìí, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: ó rẹwà ju gbogbo òdòdó lọ, òun sì ni àmì ìfẹ́ láti ayébáyé. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa létí débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Èmi ò gbà á. Mo mọ̀ pé róòsì rẹwà, mo sì mọ̀ pé olólùfẹ́ ń fi í ránṣẹ́ sí olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni òdòdó tó hù nínú ọgbà, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n yà sára nǹkan. Ohun tó mú kí èyí tí wọ́n ń yà pẹ́ láyé ni pé òun ló ń fàyè gba àṣìṣe jù lọ nínú gbogbo òdòdó tí ọwọ́ èèyàn lè yà. Ọwọ́ oníṣẹ́ ló fi í jọba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹwà. Bó bá jẹ́ pé ẹwà òdòdó náà ló ń fa àwòrán rẹ̀, ńṣe ló yẹ kí àwòrán máa tẹ̀lé òdòdó lẹ́yìn. Róòsì tí ọ̀pọ̀ wa ní lọ́kàn lónìí, ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó dá dúró lórí igi gígùn, tí wọ́n ń fi ọ̀rá wé fún títà lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé, ọmọ àná ni. Ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn róòsì kan láti ilẹ̀ Ṣáínà dé Yúróòpù, tí àwọn ológbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n gba irú mọ́ èyí tó wà nílé. Ó di 1867 kí Guillot, ológbà kan ní Lyon nílẹ̀ Faransé, tó gbé èyí tó sọ ní La France jáde, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí àkọ́bí nínú ìdílé àwọn róòsì òde òní. Kí àwọn ti Ṣáínà tó dé, ọ̀pọ̀ róòsì Yúróòpù kì í tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó kò sì ní ju ewé òdòdó márùn-ún lọ, tó ṣí sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Òdòdó ẹlẹ́wé márùn-ún yẹn gan-an ni Henry Keje mú nígbà tó gba adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú ogun Bosworth ní 1485, tó sì fẹ́ Elizabeth ti ìdílé York ní 1486. Wọ́n gbé funfun lé àárín pupa, ó di àmì ìdílé Tudor. Bí ẹ bá wọ ilé ìsìn King's College ní Cambridge, ẹ óò rí i níbi tí àwọn agbẹ́kúta gbẹ́ ẹ sí kiri ara ògiri. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ lọ fún ẹni tó ń ta òdòdó l'Èkó kí ẹ ní kó wá irú rẹ̀ fún yín. Ó lè pẹ́ kó tó mọ̀ pé róòsì lẹ ń wí. Òdòdó inú ọgbà ti pààrọ̀ ara pátápátá láti ìgbà náà, àwòrán ò dúró dè é. Àwòrán ti wà lórí ìtẹ́ kí ẹwà tí wọ́n ní ó gbé e jọba tó dáyé rárá.

Ti ìfẹ́ ńkọ́? Ẹ wo àwọn tó ti gba òdòdó yìí lò. Ìjọ Kátólíìkì fi í fún Màríà Wúńdíá. Martin Luther tó bá ìjọ náà jà fi róòsì funfun ṣe èdìdì tirẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ráágbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e sí àyà aṣọ wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé àwọn ará Scotland ní 1871, wọn ò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di àmì tiwọn ní 1986, nígbà tí wọ́n fẹ́ káwọn olùdìbò gbàgbé àsíá pupa. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ààrẹ Reagan buwọ́ lùwé tó sọ ọ́ di òdòdó orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹlẹ́sìn gbé e, ẹlẹ́sìn tó ń bá a jà gbé e. Ọba gbé e, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé e. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń yí padà láti ọwọ́ kan sí èkejì kò lè jẹ́ ìdí tí nǹkan kan fi dúró láìyẹsẹ̀. Ìtumọ̀ ń lọ, ìtumọ̀ ń bọ̀, àwòrán wà níbẹ̀.

Ẹni tó mọ̀tàn yóò fi Páṣíà bá mi lẹ́nu wí. Ó jàre díẹ̀. Lọ́hùn-ún, róòsì ni ẹni tí a fẹ́, ẹyẹ olóhùn dídùn tí wọ́n ń pè ní bulbul sì ni olólùfẹ́ tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn Súfì fi í sọ̀rọ̀ ọkàn èèyàn àti Ọlọ́run. Àwọn ayàwòrán ìgbà àwọn ọba Qajar sì yà á sára èèpo ìwé àti àpótí kálàmù. Mọ́ṣáláṣí Nasir al-Mulk ní Shiraz, tí wọ́n parí ní 1888, kún fún táìlì olóròòsì píǹkì débi tí àwọn àlejò fi ń fi àwọ̀ náà pè é. N ò ní jiyàn Shiraz. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ Súfì kò lè ṣàlàyé ọkọ̀ tó ń kó èédú lójú omi ní Birmingham, ọkọ̀ èédú yẹn sì ni ẹ̀rí mi tó le jù.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, rélùwéè ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn lórí odò àfọwọ́gbẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ń dín kù, kò sí èyí tí wọ́n máa fi sanwó ilé mọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ sì kó ìyàwó àtọmọ wọnú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 70, kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ẹrù ló gba èyí tó pọ̀ jù, yàrá tó kù fún bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ ní gígùn. Nínú yàrá kótópó yẹn, wọ́n ya róòsì àti ilé olódi sára ilẹ̀kùn, sára kọ́bọ́ọ̀dù, sára agolo omi mímu tó wà lórí òrùlé ọkọ̀. Household Words, ìwé ìròyìn tí Charles Dickens jẹ́ olóòtú rẹ̀, ti kọ̀wé nípa ọkọ̀ aláràbarà wọ̀nyí ní 1858.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yà á? Ayàwòrán á kọ́kọ́ fi ọ̀dà dúdú tàbí àwọ̀ ewé tó ṣú kun pákó. Bí ìyẹn bá gbẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe róbótó-róbótó sórí rẹ̀, ọ̀kan pupa tó ṣú, ọ̀kan píǹkì, ọ̀kan bí àwọ̀ yangí, á sì fi ewé yí wọn ká. Á fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Bó bá padà dé, á ti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bọ ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, á gbé e lé ojú róbótó náà, á tẹ̀ ẹ́, á fà á yípo díẹ̀, á gbé e kúrò. Ewé òdòdó kan nìyẹn, ó nípọn lórí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra yí róbótó náà po, róòsì ti dé. Kò fi pẹ́ńsù là á sílẹ̀, kò sì padà wá tún un ṣe. Bí ewé kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ta ni yóò bá a wí? Kò sí róòsì tí gbogbo ewé rẹ̀ dọ́gba. Ẹ sì má gbàgbé pé ọkọ̀ tó dúró ní ilé ìkànkọ̀ kò pa kọ́bọ̀ wọlé. Olówó rẹ̀ ń fẹ́ kó tètè padà sójú omi. Òdòdó tó yá, tó sì ń dárí ji ọwọ́ tó ń kánjú, ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, òun náà ló sì rí.

Nígbà tí ìjọba sọ àwọn odò náà di tiwọn ní 1948, àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò ni wọ́n fi kun ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Nígbà tí òtútù tó mú ní 1962 wọ 1963 sọ omi di yìnyín, iṣẹ́ ẹrù kíkó tó ti ń kú lọ gba ibẹ̀ dákú. Àwọn ìdílé kúrò lójú omi. Bó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ kan ló gbé àwòrán náà ró, ó yẹ kó bá wọn lọ. Kò lọ. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣe fàájì lónìí, tí wọn ò kó èédú rí láyé wọn, ṣì ń ya róòsì kan náà, ọ̀nà kan náà, nítorí pé ẹni tó bá jókòó ti ọ̀gá fúngbà díẹ̀ ń rí i ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù nìkan ni. Ní Glasgow, Jessie Newbery bẹ̀rẹ̀ kíláàsì iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìlú náà ní 1894. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ píǹkì ní róbótó láìfi ohunkóhun wọ̀n ọ́n, ó gbé e lé orí aṣọ mìíràn, ó sì fi òwú rán ìlà mélòó kan tó ká bọ́ sínú ara wọn lé e lórí. Ó parí. Irú róòsì yìí ló wá di àmì ìlú náà lọ́wọ́ ayàwòrán ilé Charles Rennie Mackintosh àti aya rẹ̀ Margaret Macdonald. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Turin ní 1902, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sára ògiri Hill House ní Helensburgh, ilé olówó kan tí wọ́n parí ní 1904. Ayàwòrán ọkọ̀ kò bá ọ̀mọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ pàdé, kò sí ẹ̀kọ́ kan tó pa wọ́n pọ̀. Síbẹ̀ róbótó kan àti ìlà kíká mélòó kan ni àwọn méjèèjì bá dé ibì kan náà.

Oníkéèkì náà bá wọn débẹ̀. Ìlànà tí ilé ẹ̀kọ́ tí Dewey McKinley Wilton dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1929 tàn káàkiri ni àwọn oníkéèkì wa ń lò dòní. Oníkéèkì mú ìṣó olórí pẹlẹbẹ lọ́wọ́ òsì, ó ń fi ìka méjì yí i. Ọwọ́ ọ̀tún ń fún áísìn jáde láti ẹnu nọ́sù tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Ó fún ọmú kan sí àárín, ó fi ewé mẹ́ta yí i ká, ó fi márùn-ún yí mẹ́ta ká, ó fi méje yí márùn-ún ká. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì fojú kan igi róòsì rí, ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham, ń ṣe é láìwo ìwé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìtàn ìfẹ́ kí wọ́n tó gbé nọ́sù lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ fún un pé ibi tí áísìn bá ti ya, ibẹ̀ gan-an ni kí róòsì bọ́ sí.

Ọgbọ́n bíbo àlébù yìí pẹ́. Ní Meissen ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ tánńganran sílẹ̀ ní 1710, àwo máa ń ti inú iná jáde pẹ̀lú àbààwọ́n àti ihò kéékèèké. Àwọn ayàwòrán ibẹ̀ fọ́n òdòdó kéékèèké sára àwo, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, kí òdòdó lè bọ́ sórí àbààwọ́n. Àwọn tó ń fín ara lónìí náà mọ̀ ọ́n: bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fẹ́ pa orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ rẹ́ lápá, róòsì wà lára ohun tí afínra kọ́kọ́ ń dá lábàá, nítorí ewé rẹ̀ pọ̀, ó sì dúdú láàárín. Ẹ rí i pé níbi tí ìfẹ́ ti parí gan-an ni róòsì tún ti ń ríṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ dá mi dúró yóò ní, “Ọwọ́ kọ́ ló ń yà á mọ́, ẹ̀rọ ni. Kí ló dé tí kò bá ọwọ́ kú?” Ìbéèrè gidi nìyí. Royal Albert gbé àwo Old Country Roses jáde ní 1962, èyí tí Harold Holdcroft yà, ilé iṣẹ́ náà sì ní ẹyọ tí àwọn ti tà ti lé ní mílíọ̀nù 100. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni òṣìṣẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ara ife, ara ife sì rí rogodo. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà títọ́ yóò tú àṣírí, róòsì kò ní wí nǹkan kan. Ẹ tún bi télọ̀. Aṣọ tí òdòdó inú rẹ̀ lórí tó nídìí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo ẹyọ tó bá gé gbọ́dọ̀ kọjú sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn òdòdó kan á dorí kodò lẹ́yìn oníbàárà, aṣọ púpọ̀ á sì ṣòfò. Róòsì tí wọ́n wò láti iwájú kò lórí, kò nídìí. Ẹ yí i bó ṣe wù yín, róòsì náà ni. Télọ̀ ń fi í pa aṣọ mọ́, oníṣòwò ń fi í pa owó mọ́.

“Ṣé òdòdó róbótó mìíràn ò sí ni?” Ó wà, òun náà sì ń gbè mí lẹ́yìn. Ní Ṣáínà, peony ló wà ní ipò róòsì: òun náà rí róbótó, òun náà ní ewé tí ò ṣeé kà. Peony ló pọ̀ lára àwọn abọ́ tánńganran Ṣáínà tí àwọn ìyá wa tò sórí ara wọn nínú pálọ̀, róòsì ni ọ̀pọ̀ wa kà á sí, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Daisy rí róbótó lóòótọ́, àmọ́ ewé rẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá wọ́ á hàn kedere. Lílì tí àwọn ọba Faransé fi ṣe àmì, apá òsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá apá ọ̀tún mu régé. Ọwọ́ tó bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ti bà á jẹ́. Ó sì lágbára ìjọba lẹ́yìn bíi ti róòsì Tudor, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ara àsíá àti géètì ló mọ sí jù, kò bá wa dé orí kéèkì.

Agbára ìjọba náà ti gbìyànjú láti lé róòsì jáde rí, kò rí i ṣe. Ní 1852, Henry Cole, òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ibi ìpàtẹ kan ní Marlborough House ní London, wọ́n kó aṣọ, kápẹ́ẹ̀tì àti pépà ara ògiri tí òdòdó inú rẹ̀ jọ òdòdó gidi jọ sí apá kan, wọ́n ní ìlànà èké nìyẹn. Àròyé wọn ni pé kò bójú mu kéèyàn máa tẹ òdòdó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe aṣọ fárígá, wọ́n sì palẹ̀ apá náà mọ́ láìpẹ́. Dickens fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Hard Times ní 1854. Àṣìṣe Cole àti àṣìṣe àwọn tó ń yin róòsì, ọ̀kan náà ni. Wọ́n rò pé ojú tó ń wò ó ló ń pinnu, pé bí wọ́n bá kọ́ ojú lẹ́kọ̀ọ́, àwòrán á yí padà. Wọn ò bi ọwọ́ tó ń ṣe é léèrè.

Ìdí tí mo fi ń bá èrò yìí jà ni pé ó ń ṣe wá ní jàǹbá níhìn-ín. Ẹni tó bá gbà pé ìtumọ̀ ló ń gbé àwòrán ró yóò rí kéèkì olóròòsì, á sì pariwo pé òyìnbó ti gba ọkàn ọmọ wa, pé bí a bá ti kọ́ wọn ní ìtumọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, gbogbo rẹ̀ á bọ̀ sípò. A ti wàásù náà títí. Ẹ wo adìrẹ. Òṣùpá bàmbà inú adìrẹ oníko, róbótó ńlá tí wọ́n ń fi ìko di aṣọ ṣe, wà ní ọjà Ìtokú l'Abẹ́òkúta, wà ní Òṣogbo, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá lè di aṣọ lè ṣe é, bí kò bá sì rí róbótó dáadáa, òṣùpá náà ni. Ìbàdàn-dùn inú adìrẹ ẹlẹ́kọ, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí rẹ̀, ní ìtumọ̀ ju òṣùpá lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á, àpótí lẹ́yìn àpótí, ọwọ́ tó lè yà á látòkè délẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, ẹ̀yin tí ìjọba fún lówó láti gbé àṣà lárugẹ, ẹ dín àpérò lórí ìtumọ̀ kù. Ẹ mú ọnà wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bí èyí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó ṣì í, kó sì ṣeé tà. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú u palẹ̀, ẹ wá apá tó rọrùn nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá ṣe èyí, ká má dá róòsì lẹ́bi pé ó gba ibi tí a ò fi ọwọ́ kankan sí.